Ike Díẹ̀, Ike Púpọ̀: Bí A Ṣe Ń Ta Poker Nígbà tí Ìdíje Bá Fẹ́ Parí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwa mẹ́sàn-án la pàdé ní yàrá ọ̀rẹ́ wa kan ní àdúgbò Under-G láti díje nínú poker, eré káàdì tí a ń fi ike ta dípò owó. A dá 2,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, a pín ike 12,000 fún olúkúlùkù, a sì ní ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò gba ẹ̀bùn. Nígbà tó ku ẹni mẹ́rin, mo ní 24,000, ẹni méjì ní iye kan náà, ẹnìkan sì ní 36,000. Owó ọ̀ranyàn, èyí tí ẹni méjì tó bá kàn gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó wo káàdì, jẹ́ 1,000 fún kékeré, 2,000 fún ńlá. Mo ń ṣe sùúrù de káàdì gidi, n kò rí i. Nígbà tó ku 6,000 lọ́wọ́ mi ni mo rí ọba àti ayaba, mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ike rẹ̀ pọ̀ jù, tí owó ọ̀ranyàn ńlá kàn, fi 9 àti 6 lásán tẹ̀ lé mi, ó sì jẹ mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìwàǹwára ló pa mí. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, wọn kò sọ òótọ́ fún ọ. Sùúrù tó pẹ́ jù ló pa ọ́. Jẹ́ kí a jọ kà á. Nígbà tí ẹni mẹ́rin bá ń ta, owó ọ̀ranyàn ńlá ń kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kékeré ń kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ìpín káàdì mẹ́rin, èyí tó jẹ́ pé 3,000 ń lọ lọ́wọ́ rẹ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan bí o kò tilẹ̀ ta ohunkóhun. Láti 24,000 dé 6,000 jẹ́ ìyípo mẹ́fà. O wo káàdì nígbà 24, o sì dá gbogbo rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni ike rẹ ń yọ́ bí òrí tí a gbàgbé sínú oòrùn. Káàdì méjì tó jọra, irú yòówù kó jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wọlé nínú ìpín 17. Ace méjì, káàdì tó ga jù lọ, jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 221. Ta ni yóò jókòó de ìyẹn?

Nísinsìnyí, wo ẹni tó jẹ ọ́. Ó ti fi 2,000 sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. 4,000 péré ló kù kó fi kún un láti jẹ 9,000 tó ti wà nílẹ̀: 6,000 tìrẹ, 2,000 tirẹ̀, àti 1,000 ti owó ọ̀ranyàn kékeré. Bó bá lè jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, èrè ni fún un, 9 àti 6 sì ń jẹ ọba àti ayaba ju ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta lọ. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ká ní ìgbà tí o ṣì ní 20,000 ni o kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, 18,000 ni ì bá fi kún un láti jẹ 23,000, yóò sì ní láti máa jẹ nǹkan bí ìgbà 44 nínú 100 kí ó má baà pàdánù. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní fi 9 àti 6 dán irú rẹ̀ wò. Káàdì rẹ ì bá má yí padà. Ike tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ì bá lé ọkùnrin náà sá.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó ike sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì láti jẹ: kí àwọn yòókù sá, tàbí kí káàdì rẹ̀ borí tiwọn. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Nítorí náà, bí ike rẹ bá ti kù sí nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá sí méjìlá owó ọ̀ranyàn ńlá, má ṣe fi díẹ̀díẹ̀ kún un mọ́; kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí o dá káàdì padà. Bí àwọn tó ṣáájú rẹ bá ti dá tiwọn padà, tó wá ku ẹnìkan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ, ace kan pẹ̀lú ohunkóhun, káàdì méjì tó jọra, tàbí káàdì ńlá méjì ti tó. Bí ẹlòmíràn bá ti ṣáájú rẹ kó tirẹ̀ sílẹ̀, káàdì tí ìwọ yóò fi tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ lágbára ju èyí tí ìwọ fúnra rẹ ì bá fi ṣáájú lọ. Nídìí ọpọ́n ayò, òpè ló máa ń wòye títí ilé rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ọ̀ta ń ta nígbà tí ọmọ ayò ṣì wà níbẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Tákíẹ̀ rí tó ń to ike mẹ́ta tó kù fún un lérí ara wọn, tó ń tú wọn, tó tún ń tò wọ́n, títí owó ọ̀ranyàn fi gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan láìta káàdì kan ṣoṣo.

Ìgbà kan wà tí dídúró dára: bí ẹlòmíràn bá wà tí ike rẹ̀ kò tó owó ọ̀ranyàn tó ń bọ̀ wá kàn án, tó sì ku kí ẹnì kan ṣoṣo jáde kí àwọn yòókù tó dé ipò ẹ̀bùn. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jáde. Lórí tábìlì tiyín, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ ìtàn Jack Straus fún yín, tó ku ike ẹyọ kan ti 500 lọ́wọ́ ní ìdíje àgbáyé ti Las Vegas ní ọdún 1982, tó sì padà di olúborí. Ìtàn náà dùn mọ́ èmi náà, ó sì yẹ kó fún ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí tìrẹ kù sí ẹyọ kan.

ÌBÉÈRÈ: Nínú ìdíje tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe, ẹ̀bùn jẹ́ 50,000, 30,000 àti 20,000 náírà. Nígbà tó ku àwa mẹ́ta, ike 50,000 wà lọ́wọ́ mi, 30,000 lọ́wọ́ ẹnìkejì, 20,000 lọ́wọ́ ẹnìkẹta. Mo ní kí a pín owó bí ike ṣe rí, ẹnìkẹta kọ̀ jálẹ̀. Inú bí mi. Gbogbo ìgbà tó bá kó ike rẹ̀ sílẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé e. Èmi ni mo gba ipò kẹta nígbẹ̀yìn. — Oníṣòwò, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ẹnìkẹta yín. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, 20,000 ni yóò mú lọ, iye tí ipò kẹta yóò fún un bó tilẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Kí ló fẹ́ gbà á fún?

Ìdajì ike kì í ṣe ìdajì owó. Ìṣirò tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní ICM gbà pé bí ike ẹni ṣe pọ̀ tó ni àǹfààní rẹ̀ láti ṣe ipò kìíní pọ̀ tó, ó sì tún fi ọ̀nà kan náà wo ipò kejì láàárín àwọn tó kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ní ìgbà 50 nínú 100 láti ṣe ipò kìíní, nǹkan bí 34 láti ṣe ipò kejì, àti 16 láti ṣe ipò kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 38,400 náírà. Ẹnìkejì ní 32,750, ẹnìkẹta ní nǹkan bí 28,850. Ìpín tó bá ìlànà mu nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe kejì ti wá. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ẹnìkẹta tí ẹ sì jẹ ẹ́, ìpín yín yóò di 44,000, èrè bíi 5,600. Bó bá jẹ yín, yóò já sí nǹkan bí 32,300, àdánù bíi 6,100. Ike 20,000 kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí ń lọ wúwo ju èyí tí ń bọ̀ lọ. Fífi káàdì lásán tẹ̀ lé e kò pé yín.

Ẹnìkejì ló yẹ kí ẹ máa tì. Nígbà tí ẹnìkẹta bá ti dá káàdì padà, bí ẹ bá fi ike tó lè gba gbogbo tirẹ̀ síwájú ẹnìkejì, tó bá pàdánù, yóò ṣubú láti 32,750 sí 20,000. Tó bá jẹ, 41,000 ni yóò dé. Ó ń fi 12,750 wá 8,250, nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé òun yóò jẹ ju ìgbà 60 nínú 100 lọ kó tó tẹ̀ lé yín. Ọ̀pọ̀ káàdì ni yóò dá padà, ẹ ó sì máa kó owó ọ̀ranyàn rẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí àwa méjì bá ní ike púpọ̀ lórí tábìlì kan náà ńkọ́? — Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ yẹra fún ara yín, àyàfi bí káàdì yín bá lágbára gan-an, nítorí ẹnìkejì yín tí ike rẹ̀ pọ̀ yìí nìkan ló lè lé yín jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lára àwọn tí ike wọn mọ níwọ̀n ni kí ẹ ti máa kó. Bó bá jókòó sí ọwọ́ òsì yín, ẹ̀yìn yín ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹ dín iye ìgbà tí ẹ ń fi káàdì yẹpẹrẹ wá owó ọ̀ranyàn kù títí wọn yóò fi pààrọ̀ ìjókòó.