Ọmọ mi wọ ẹgbẹ́ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́, WAEC sì ń bọ̀: ṣé kí n yọ ọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìkòròdú là ń gbé, mo ń ta ọjà ní Sábó. Ọmọkùnrin mi wà ní SS2. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ní sáà yìí ló ti wọ ẹgbẹ́ mẹ́ta: Press Club, Red Cross àti ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé. Tẹ́lẹ̀, kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, aago mẹ́fà ni. Bàbá rẹ̀ ní kó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nítorí WAEC ọdún tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kankan sétí ní Ìkòròdú yìí. Ọmọ náà kì í sunkún, ṣùgbọ́n ó sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Sábó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mú ọ̀kan, kó ṣe é dáadáa. Tó bá di sáà kejì SS3, kó fà sẹ́yìn, torí kò ní pẹ́ sígbà yẹn tí WAEC á bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń sọ fún àwọn òbí tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Màmá, ìyá ọkọ yín, ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló wúwo jù. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìkòròdú mọ ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fojú ìlú yìí rí. Ẹ̀rù tó ń ba Màmá nídìí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lábẹ́ òfin tí Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí ní 2021, ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ló ń dúró de ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹgbẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ dá sílẹ̀ kò fara pẹ́ ìyẹn, ẹ sì lè fojú ara yín rí i. Ó ní tíṣà tó ń mójú tó o, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì mọ tíṣà náà. Ó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń pàdé, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé, orúkọ àwọn ọmọ sì wà nínú ìwé. Wọn kì í búra níbẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan tí òbí ò gbọdọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ọmọ bá ní ìpàdé wà ní alẹ́ Sátidé nílé ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀, tàbí tó ń béèrè owó tí kò lè ṣàlàyé, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ sì bá mi sọ fún Màmá pé ọmọ tí kò ní nǹkan gidi kan tó ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì ni àwọn ọmọ burúkú tètè máa ń rí fà mọ́ra.

Ó kan Bàbá. WAEC ni wọ́n ń wò, wọn ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ wo ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra rẹ̀. Lábẹ́ aròkọ, akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ìbéèrè kan ṣoṣo, á sì kọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450 lé e lórí. Lẹ́tà lè wà níbẹ̀, ìtàn lè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn pẹ̀lú. Wọ́n sì máa ń ní kí ọmọ kọ ohun tí wọ́n á gbé jáde nínú ìwé ìròyìn. Máàkì 50 ni. Wọ́n ń fún kókó ọ̀rọ̀ ní 10, bí ọmọ ṣe tò ó ní 10, bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ ní 20. Mẹ́wàá tó kù wà fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ń gé ààbọ̀ máàkì níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Press Club tó múra sí iṣẹ́ ń ṣe. Wọ́n ṣe eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí ọmọ yín kọ ìròyìn rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó borí, níbo, nígbà wo. Tíṣà gbé bírò pupa, ó yí «there» po níbi tó yẹ kí «their» wà, ó fàlà sí gbólóhùn tó gùn jù, ó ní kó lọ tún un kọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó kà á níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Ọmọ tó bá ń ṣe èyí lemọ́lemọ́ fún ọdún kan ti ń kọ aròkọ WAEC láìmọ̀. Àwọn òbí kan ń sanwó lẹ́sìnnì ńlá fún ohun tó dín sí èyí.

Red Cross náà ń kọ́ ọmọ lóhun tó wúlò. Bí imú ọmọ kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ àwa àgbà ló máa ní kó gbé orí sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa sàn lọ sọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọmọ Red Cross mọ̀ pé kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ ni, kó fi ìka méjì fún ibi rírọ̀ imú náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa fẹnu mí. Ní ti eléré, Ìkòròdú yìí náà ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois ti ń fi bárò àti ohun èlò inú ilé ṣe àwòkọ fíìmù òyìnbó, títí Netflix fi fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020.

Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára, ṣùgbọ́n ọmọ SS2 kan ò lè ṣe mẹ́ta kó yọrí. Ẹ má bá a yan. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í pé: «Kí lo fi ọwọ́ ara rẹ ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?» Èyí tó bá lè ròyìn rẹ̀ fún yín láìdánudúró ni kó dì mú. Èyí tó bá jẹ́ báàjì nìkan ló rí gbà níbẹ̀, kó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Nípa aago mẹ́fà: ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà ìgbà tí ìpàdé ń parí. Bó bá jẹ́ aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹgbẹ́ kọ́ ló jẹ wákàtí tó kù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sábó kò sì lè dá gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ wádìí ibi tó ń yà sí. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí: wákàtí tó ń lò ní ṣọ́ọ̀bù náà wà lára àkókò ìwé rẹ̀. Bí Bàbá bá fẹ́ kó ráyè kàwé, ẹ jẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kó tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé sátífíkéètì ẹgbẹ́ ń fi máàkì kún JAMB. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, máàkì 400, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹgbẹ́ kankan kò kún un. Yunifásítì Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: fọ́ọ̀mù Common App, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń wá àyè wọlé síbẹ̀, ní àyè fún ohun mẹ́wàá tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé, ó sì ń béèrè ipò tó dì mú àti wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣe sí.

Ó ku owó. Owó ìrìn-àjò ni ẹ ṣọ́ jù. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ìwé tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí, tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ, iye tíṣà tó ń bá wọn lọ àti aago tí wọ́n ń padà, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí wọ́n bá ní àwọn ń kó wọn lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Bádágírì, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845, ó dára kó lọ. Ṣùgbọ́n Bádágírì jìnnà sí Ìkòròdú; bí bọ́ọ̀sì kò bá ní gbéra ní kùtùkùtù, tí wọ́n ń sọ aago mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kó dúró sílé.