Bí ìbejì bá béèrè bí Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester la wà. Tíṣà àwọn ìbejì wa ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ bí ìlú àwọn òbí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn ní ti Manchester, bí àwọn sójà Róòmù ṣe kọ́ bárékè sí Castlefield ní nǹkan bí ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Krístì. Ọmọ Ìbàdàn lèmi àti bàbá wọn. Bàbá wọn ní kí wọ́n kọ 1829, kó parí síbẹ̀. Èmi fẹ́ sọ ti Lágelú tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí tíṣà má lọ sọ pé àlọ́ ni. Ọ̀rọ̀ egúngún tó wà nínú rẹ̀ náà ń kọ mí lóminú, torí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ Ìbàdàn lèmi náà. London ni mo ti ń tọ́ tèmi, bí a bá lè pe ohun tí mò ń ṣe láàárín iṣẹ́ alẹ́ àti oorun ọ̀sán ní títọ́.

1829 tí ọkọ yín wí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wọ̀ nígbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá káàkiri. Àwọn ará ibẹ̀ ti sá fi í sílẹ̀. Wọ́n pàgọ́, wọn ò sì lọ mọ́. Bí àwọn ọmọ bá kọ ìyẹn nìkan, ibi tí ìtàn ti ń gbóná gan-an ni wọ́n fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi. Bàbá mi wá kí wa nígbà tí ooru mú. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ nípa Róòmù nílé ìwé, ó sì ti fi páálí kọ́ odi London sórí tábìlì. Bàbá wọ súwẹ́tà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì léra nínú ooru yẹn, wọ́n ń bó ọsàn. Wọ́n wo páálí náà títí, wọ́n ní, "Ìbàdàn náà lódi, odi Ìbíkúnlé. Súnmọ́ mi, jẹ́ n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀." Wọ́n mú un láti orí Lágelú tó ti Ifẹ̀ wá tẹ ìlú dó sẹ́bàá ọ̀dàn. Wọ́n dé ibi tí aṣọ bọ́ lára egúngún lọ́jà, tí obìnrin àti ọmọdé ń fi í ṣẹ̀sín, tí Aláàfin gbọ́, tó ní kí wọ́n pa ìlú náà run. Lágelú àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gun òkè, òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tún ìlú tẹ̀ dó.

Ibẹ̀ ni ọmọ ti béèrè lédè Òyìnbó pé ọdún wo nìyẹn. Bàbá ní kò sẹ́ni tó kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ní tíṣà òun ti sọ pé ohun tí wọn ò bá kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Kò fi ṣàfojúdi, ó dà bíi pé ó fẹ́ ran bàbá àgbà lọ́wọ́ ni. Èmi tí mo jókòó sáàárín, mo yára túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ó ní ìtàn yẹn dùn." Bàbá tó fi ọ̀gá ilé ìwé fẹ̀yìn tì! Òyìnbó wo ni wọn ò gbọ́? Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì ní kí n bá àwọn yí tẹlifíṣọ̀n sí ìròyìn.

Wọn ò sọ ìtàn kankan mọ́ títí wọ́n fi padà sílé. Wọ́n ti papò dà báyìí. Ti Lágelú kọ́ ló ń dùn mí, ìyẹn ò lè ṣòro rí ẹni sọ. Ibi tí bàbá ń bọ̀ ni bí babańlá tiwa ṣe dé Ìbàdàn, ogun tó bá wá, àti balógun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀, àbúrò mi ní Bódìjà sì ní àbọ̀ tí mo mọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní kí ló dé tí mo fi ń túmọ̀ fún ọmọ lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Kí wọ́n wá bá mi ṣe iṣẹ́ alẹ́ ná. Obìnrin tó ń bá wa mójú tó wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ jù, Yorùbá kọ́ ló sì ń sọ.

Mi ò bá tíṣà jà. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí kan náà ni wọ́n kọ́ pé ìkookò fún Romulus àti Remus lọ́mú, pé ọdún 753 ṣáájú ìbí Krístì ni Romulus tẹ Róòmù dó, tí ẹnikẹ́ni ò lé wọn kúrò ní kíláàsì. Ohun tí àwọn ará Róòmù ń sọ nípa ara wọn ni wọ́n pè é, wọ́n sì wá wá inú ilẹ̀ wò. London tí wọ́n ń fi ṣe fọ́ńté yìí, kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Igi tí wọ́n fi ṣe kòtò omi ẹ̀bá ọ̀nà ló jẹ́ kí wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bí ọdún 47 sí 50 lẹ́yìn ìbí Krístì. Ní ọdún 60 tàbí 61, Boudica, ọbabìnrin ẹ̀yà kan ní Britain, kó ogun wá, ó sun ún ráúráú. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé láàárín ìlú náà títí dòní, wọ́n ń kan erùpẹ̀ pupa tí iná yẹn jó. Ìlú tí wọ́n pa run tó tún dìde, Ìbàdàn nìkan kọ́.

Èyí tó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: ìwé tó lọ́jọ́ tó pẹ́ jù tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ London, ìwé gbèsè ni. Wàláà onígi ni, ọjọ́ 8 oṣù January ọdún 57 ló wà lára rẹ̀. Tibullus ló jẹ Gratus ní 105 denarius, ìyẹn owó fàdákà Róòmù, fún ọjà. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìlú, àwìn ti wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ti Lágelú, kí wọ́n fi oríkì gbè é lẹ́sẹ̀: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Èwo nínú àwọn ìlú ló máa jókòó purọ́ pé ebi pa òun débi pé ìkarahun ìgbín lòun fi ṣe abọ́? Ẹ̀rí nìyẹn lójú tèmi, tíṣà lè má gbà. Kí wọ́n wá kọ 1829 tẹ̀ lé e. Ẹ má yọ egúngún kúrò. Bí ẹ bá yọ ọ́, kò sí ohun tó fọ́ ìlú. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin lẹ mọ pásítọ̀ yín.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp ní Sunday yìí, kí ẹ gbé fóònù fún àwọn ìbejì, kí ẹ sì bọ́ sí kíṣìnnì. Ẹ má túmọ̀ ohunkóhun. Èyí tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ wo fídíò ọdún Òkè'Bàdàn, ẹ jókòó tì wọ́n o. Ẹ ṣáà mọ irú orin tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ náà.