Ọ́ìlì Camry mi ń jò ṣáá: ṣé kí n gbà kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì. Camry Big Daddy ọdún 2003 ni mo ń wà, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 2.4. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ọ́ìlì ti ń jò lára rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnì) lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fi gọ́ọ̀mù yí sọ́ǹpù (àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tó ń gba ọ́ìlì) ká, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò á ti dúdú. Ní báyìí, ó ní ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti so mọ́ gíà) ni, àfi ká sọ gíà kalẹ̀. Owó tó pè kéré kọ́. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti fọ ẹ́ńjìnì yẹn kó tó máa tú u. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ lórí síìlì ẹ̀yìn.

Ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde àti ibi tó ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ojú kan náà. Ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn sí, atẹ́gùn tó ń wọ abẹ́ mọ́tò bí ẹ bá ń sáré sì ń tì í sẹ́yìn. Èyí tó jò lókè lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà á rọra gba ara ẹ́ńjìnì wálẹ̀, á kóra jọ sí ibi tí ẹ́ńjìnì àti gíà ti pàdé, ibẹ̀ ni á sì ti máa kán. Ẹni tó bá wò ó láti abẹ́ nìkan, síìlì ẹ̀yìn ni yóò pè é. Mi ò ní mẹkáníìkì yín ń purọ́ o, àìfarabalẹ̀ ló pọ̀ nínú iṣẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, kí wọ́n fi nylon bo alternator, kí wọ́n wá fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ìdọ̀tí yẹn kúrò. Wọn ò gbọdọ̀ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ó máa ń yá lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò tó ti jóná nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Bó bá gbẹ tán, ẹ bu pàúdà ọmọdé wọ́n ojú ibi tí irin ti pàdé irin, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wà á lọ sọ́jà kí ẹ sì wà á padà, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tó ga jù lọ tí pàúdà ti rin ni kí ẹ mú. Gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ́ìlì tó ṣàn wá ni. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀ o: ọ́ìlì ẹ́ńjìnì máa ń ní àwọ̀ bí oyin tàbí kó dúdú, ti gíà àti ti sítíárìn pupa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá ti gbó, òun náà á ṣókùnkùn.

Lára ẹ́ńjìnì tiyín yìí, ibì kan wà tí mo kọ́kọ́ máa ń wò: tensioner ṣéènì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ṣéènì inú ẹ́ńjìnì le dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì níta ló wà, lápá ibi tí ṣéènì wà, nọ́ọ̀tì méjì ló dè é. Rọ́bà ìdí rẹ̀ máa ń gan bó bá ti pẹ́, ọ́ìlì á sì máa yọ́ jáde níbẹ̀. Rọ́bà náà ò wọ́n rárá. Àmọ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ló tú u, torí ó ní ìkọ́ kékeré kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi há a kí wọ́n tó dá a padà. Bí wọ́n bá ṣe é wúruwùru, ṣéènì lè fò, ìnáwó mìíràn nìyẹn.

Ní ti tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tí wọ́n ti ṣí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ojú méjì tí kọ́fà ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnì. Ojú méjèèjì yẹn nìkan ló nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi sí i rárá, àwọn mìíràn á sì fi kùn ún yíká bí ẹni ń lẹ páálí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á já sínú, á bọ́ sínú sọ́ǹpù, ó sì lè dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Bí ẹ bá sì tún ra gásíkẹ́ẹ̀tì ní Gate níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, ẹ má gba tòkunbọ̀. Rọ́bà tó ti jìyà nínú ẹ́ńjìnì ẹlòmíì ni.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni PCV, nǹkan kékeré tí wọ́n dè mọ́ orí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, tí ọ̀pá rọ́bà kan so mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa èéfín inú ẹ́ńjìnì jáde kó lè lọ jóná. Bó bá dí, èéfín yẹn ò ríbi gbà, á wá máa ti ọ́ìlì gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì àti síìlì jáde, títí kan èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ tan mọ́tò lójú kan, ẹ ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, ẹ gbé nylon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó fà á mọ́ra díẹ̀. Bó bá ń fẹ́ ẹ sókè, kí wọ́n tú PCV kí wọ́n gbọ̀n ọ́n: èyí tó dáa á máa ró, èyí tó ti dí á dákẹ́. Bí wọ́n bá fi tuntun sí i tó ṣì ń fẹ́ èéfín sókè, ríìngì inú ẹ́ńjìnì ló ti jẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta síìlì kankan fún yín títí ẹ ó fi mọ ohun tí ẹ máa ṣe sí ìyẹn.

Wọ́n á ní kí ẹ da ọ́ìlì 20W-50 tó ki sí i kó lè dín ìjò kù. Toyota kọ 5W-30, èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, fún ẹ́ńjìnì yìí, ihò tóóró sì ni ọ́ìlì ń gbà dé ibi VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Ìjò lè dín kù fúngbà díẹ̀, òun náà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ní báyìí ná, ẹ máa fa géèjì ọ́ìlì wò láràárọ̀ kí ẹ tó tan mọ́tò. Lítà 3.8 péré ni gbogbo ohun tó ń gbà, ẹ ò sì ní púpọ̀ láti pàdánù. Bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ẹ kàn fi délé.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí pàúdà gbẹ kanrin lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jẹ́ pé abẹ́ ibi tí gíà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì nìkan ni ọ́ìlì dúdú ti ń yọ, mẹkáníìkì yín ló jàre. Ẹ fún un níṣẹ́ náà. Kí ó pààrọ̀ síìlì iwájú gíà pẹ̀lú nígbà tó bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí owó iṣẹ́ kan náà ni, kí ó sì fi èékánná fa ojú irin tí síìlì ẹ̀yìn ń jókòó lé. Bí èékánná bá há sínú ojú ìjẹ, kí ó má ti síìlì tuntun wọlé dé ibi tí ti àtijọ́ wà, kí ẹnu rẹ̀ lè bọ́ sójú irin tó ṣì ń dán.