Èsì: Ọmọ yín tó ń lọ sìnrú ìlú ní Àgbádárìgì

Ìyá Bọ̀lá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó dàgbà sí Ilé-Ifẹ̀ níbí lè bá wọn gbé ní Àgbádárìgì, àti bóyá Yorùbá nìkan á tó o sọ. Á tó o. Ẹ̀gùn ni èdè àwọn onílẹ̀, ìbátan ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló gbọ́ Yorùbá. Akran ni wọ́n ń pe ọba wọn.

Ìlú náà ò ní ariwo Èkó. Ọ̀sà ló wà létí ilé wọn. Tó bá fẹ́ rí òkun, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ dé erékùṣù Gberefu, kó tó wá fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó, kó má kàn lọ ya fọ́tò níbẹ̀ o. Kó tún lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (ìjọ Áńgílíkà) kọ́ ní 1845. Àjàyí Crowther gbé ibẹ̀.

Tó bá rí Zangbeto, eégún àwọn Ẹ̀gùn, tó ń yí bírí nínú aṣọ ìko, ọdẹ òru ni. Ọmọ tó ti rí ọdún Edì ní Ifẹ̀ níbí kò yẹ kó sá!

Kó tètè kúrò nílé láàárọ̀, torí láti Mile 2 l'Ékòó lọ síbẹ̀ máa ń gba àkókò. Ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀, ààlà wa pẹ̀lú Benin, ò jìnnà, àwọn agbófinró pọ̀ lójú ọ̀nà. Kó fi káàdì ìdánimọ̀ sítòsí.