Gegemu kì í ṣe oògùn àlá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Agbowó ni mo ń gbé. Mo gbọ́ pé èèyàn lè kọ́ bí á ṣe máa mọ̀ lójú àlá pé àlá lòun ń lá, kó sì máa darí ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìyá kan lọ́jà Bódìjà ta àgúnmu ewé gegemu fún mi, wọ́n ní kí n máa po ṣíbí kan mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná lálẹ́. Ṣé ṣíbí kan ò ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò sí ìwọ̀n tó dáa níbẹ̀. Má fi kan ẹnu. Dà á sínú ṣáláńgá, níbi tí ewúrẹ́ ò ti ní rí i jẹ. Ìbéèrè gegemu yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ti ń bí mi nínú.

Ohun tó ò ń wá ni kí iyè rẹ sọjí nígbà tí ara ń sùn. Òdìkejì ẹ̀ gan-an ni gegemu ń ṣe. Ẹni tó mu ún kì í mọ̀ pé iyè òun ti ra. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa ṣa ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí lára aṣọ. Bi í léèrè, á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹnu á gbẹ, ọmọlójú á fẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ á máa ni í lára, ọkàn á máa lù kìkì, ìtọ̀ á há. Ó ń pa èèyàn. Ẹni tó bá sì bọ́ níbẹ̀ kì í sábà rántí nǹkan kan. Àlá wo ló wá darí? Oró inú ewé kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, ìyẹn ni ṣíbí tí ọ̀rẹ́ rẹ mu tí kò kú fi lè pa ọ́. Bí ẹnì kan bá ti mu ún, ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín kíá, ẹ mú ìyókù àgúnmu náà dání. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o! Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àlá tó o wí yẹn, òótọ́ ni. Lọ́dún 1975, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne, tó ń ṣèwádìí nípa oorun, bá ọkùnrin kan ṣàdéhùn pé tó bá ti mọ̀ pé òun ń lálàá, kó yí ẹyinjú sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀, oorun ò sì tíì dá lójú ẹ̀. Iṣan ara máa ń dẹ̀ lákòókò àlá, àmọ́ ti ẹyinjú kì í bá wọn dẹ̀. (Bó o bá ta jí kí iṣan tó bọ̀ sípò, wà á ní àjẹ́ ló ń tẹ̀ ọ́.)

Kíkọ́ rẹ̀ ò gba owó. Máa kọ àlá rẹ sílẹ̀ kó o tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdájí ni àlá máa ń gùn jù, torí náà jí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ro àlá tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, sọ fún ara rẹ pé, "Bí mo bá tún ń lálàá, màá mọ̀," kó o tó padà sùn. Ọ̀nà tí Stephen LaBerge, tóun náà ń ṣèwádìí nípa àlá, là sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹlòmíràn á ṣe é títí, kò ní rí i. Má ṣe é lóru tí ìdánwò wà láàárọ̀. Bó o bá sì ti fìgbà kan gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tó ò ń lo oògùn ọpọlọ, má dán an wò rárá, àfi tí dókítà tó ń tọ́jú rẹ bá fọwọ́ sí i.