Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ fún gàrí, báwo ni yóò ṣe yan sáyẹ́ǹsì?

Ìbéèrè: Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lẹ́bàá ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọbìnrin tí orí wọn pé ń sá fún sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní ti ọmọ olówó ni. A kò ní yàrá àyẹ̀wò gidi, bí a bá sì ti jáde, ìdí gàrí ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ láti ran ìyá wọn lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Ìdí gàrí tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tí kò ráyè lọ bá sáyẹ́ǹsì níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí sáyẹ́ǹsì wá bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo wọn ló ti rí i pé koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbi tí omi gbágùúdá bá ń ṣàn gbà. Májèlé tí à ń pè ní sáyánáìdì, tó ń jáde bí a bá rin gbágùúdá, wà nínú omi náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún gbin àgbàdo sínú ike 12, hóró márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí erùpẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí oòrùn sì máa kàn wọ́n bákan náà. Kí wọ́n máa bu omi kànga sí mẹ́rin, omi gbágùúdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sí mẹ́rin, kí wọ́n sì máa bu èyí tó ti wà nínú ike tí a kò dé fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó kù, kí ó jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Kí wọ́n fi rúlà wọn gíga àgbàdo náà ní ọjọ́ méjì méjì fún ọjọ́ 14, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ohun tó bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. (Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ewúrẹ́ má sì débẹ̀.)

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìwádìí yìí ni pé ẹ̀yin fúnra yín kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà nípa èsì rẹ̀: bí omi náà bá ṣe ń pẹ́ ni sáyánáìdì inú rẹ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n ó tún ń kan sí i, kíkan náà sì lè pa irúgbìn lára. Ọmọ tó bá olùkọ́ rẹ̀ wá ohun tí àwọn méjèèjì kò tíì mọ̀ kò ní gbà mọ́ pé ti ẹlòmíràn ni sáyẹ́ǹsì.

Ní ti olùtọ́sọ́nà, ẹ má wá gbajúmọ̀ tí yóò sọ̀rọ̀ ìwúrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí yóò sì máa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó jáde ní irú ilé ẹ̀kọ́ yín, tó sì lè máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún odidi táàmù kan, yóò wúlò jù ú lọ. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí bá ti fọwọ́ sí i, ẹ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka kẹ́mísírì tàbí ti iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n ti máa pàdé, kí olùkọ́ kan sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ni láti máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Kò gbọdọ̀ bá wọn kọ èsì wọn.

Bí ọmọ kan bá sọ pé obìnrin kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, ẹ sọ fún un nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì, tó ṣe ìwádìí lórí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní Ìbàdàn, tó sì gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní ọdún 2001.

Ìdí gàrí ni kí àwọn ọmọ ti ka èsì wọn jáde, kí àwọn ìyá wọn bi wọ́n ní ìbéèrè, nítorí ìyá ló ń pinnu wákàtí tí ọmọ yóò fi kàwé. Ẹ fi àwọn JSS 3 bẹ̀rẹ̀ ní táàmù kejì. Bí ẹ bá dúró di SS 1, ọ̀pọ̀ wọn yóò ti yan ẹ̀ka.