Nípa ọmọ yín tó fẹ́ bá ilé-ìwé rẹ̀ lọ sùn ní Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ lo òru mẹ́ta ní Ìdànrè, pé kò sùn níta rí, pé ó ní ásímà tí kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ sì ń béèrè ohun tí ẹ ó dì fún un àti bí kò ṣe ní máa sunkún ilé. Ti ẹrù dídì kò le: aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, súwẹ́tà nítorí ọyẹ́, bàtà tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì, ìgò omi, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sára gbogbo wọn. Oògùn rẹ̀ ni ó jẹ mí lógún, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ojú èmi àti ọmọ mi rí màbo.

Ọmọbìnrin mi náà ní ásímà nígbà tí ilé-ìwé rẹ̀ kó wọn lọ sí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi inhaler rẹ̀, oògùn ásímà tí wọ́n ń fín sẹ́nu, sínú àpò kékeré tí ó so mọ́ ìbàdí, ó sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Bí wọ́n ti dé ibẹ̀, ọ̀gá àgọ́ pàṣẹ pé kí ọmọ gbogbo kó oògùn sílẹ̀, ó dà wọ́n sínú àpótí onírin kan, ó fi ágádágodo tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀, ó ní òfin ni, kí àwọn ọmọ má baà máa pín oògùn fún ara wọn. Ní alẹ́, wọ́n dáná sáàárín ọgbà kí àwọn ọmọ yí i ká kọrin. Igi tútù ni wọ́n fi dá iná náà, èéfín rẹ̀ àti òtútù ọyẹ́ sì jọ wọ ọmọ mi láyà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀gànjọ́, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kí èémí tó gé e. Àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ ló lọ jí olùkọ́, olùkọ́ wá kọ́kọ́rọ́ títí, àṣé ọ̀gá àgọ́ ti lọ sùn sí ilé rẹ̀ nínú ìlú, ó sì ti pa fóònù. Ẹnì kan ń fi róòbù pa á láyà, ẹlòmíràn ní kí ó mu omi gbígbóná, olùṣọ́ sì ń fi irin gbá ágádágodo. Ọmọ mi sọ fún mi pé òun di ojú, òun sì ń tẹ́tí sí ìró irin yẹn nìkan. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú kí àpótí tó ṣí.

Nígbà tí mo lọ bá wọn, ọ̀gá àgọ́ dá mi lóhùn pé ọkàn ilé ló ń ṣe é, pé bí àwọn ọmọ tí kò sùn níta rí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó ń sunkún àti ọmọ tí kò rí èémí mí ni wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́! Inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí.

Nítorí náà, ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé nísinsìnyí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìrìn-àjò. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i, pé inhaler kan yóò wà lára ọmọ yín tọ̀sán-tòru, pé ìkejì yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ tí yóò sùn nítòsí rẹ̀, pẹ̀lú ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi bọ ẹnu rẹ̀ kí oògùn lè dénú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́, kí ẹ sì rí i dájú pé kò tíì tán nínú. Ìwé tí ilé-ìwé ń fún òbí kò fi ju ìlà kan sílẹ̀ fún àìsàn ọmọ, bí ẹni pé ìlà kan tó fún ohun tó lè pa ènìyàn. Ẹ fi ìwé tiyín kún un. Àwọn dókítà wa náà a máa kọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, tí wọ́n á ní kí ọmọ lò ó nígbà tó bá yẹ. Ẹ má gbà. Kí dókítà kọ iye ìgbà tí wọn yóò fín in àti ìgbà tí wọn yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn láìjáfara: bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, bí ẹran àárín ìhà rẹ̀ bá ń wọlé tí ó bá ń mí, tàbí bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú. Ẹ béèrè ọkọ̀ tí yóò sùn ní àgọ́ àti awakọ̀ tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí olùkọ́ mọ̀ pé 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fín sí yàrá pẹ̀lú. Sniper, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fín kí ọmọ tó wọlé sùn, kì í ṣe oògùn inú ilé rárá. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ láti ọdún 2019. Èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn kò sì dára fún ọmọ yín. Nẹ́ẹ̀tì tó.

Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ a máa sáré bá ara wọn díje. Ẹ mú un lọ sí Òkè Ààrẹ kí ó gun Láyípo, ilé gogoro tó wà níbẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín rí bí ó ṣe ń mí tó bá dé òkè. Ní ti ẹkún, ẹ jẹ́ kó sùn nílé àǹtí rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ó wá mú un bó bá sunkún.

Ní àárọ̀ ìrìn-àjò, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ẹ mú olùkọ́ tí yóò sùn nítòsí rẹ̀ wá, kí ó ṣí àpò náà níṣojú yín, kí ó mi inhaler, kí ó sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín. Bí ó bá ní kò sí àyè, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ bọ́ọ̀sì.